Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ní kí n fi ọ̀nà ránṣẹ́

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ. O ní o ń bọ̀ wálé ní Disẹ́ńbà, kí n fi ọ̀nà tí a ó gbà gun kẹ̀kẹ́ kiri Ìbàdàn ránṣẹ́, kí o lè kó o sórí fóònù rẹ. Kò sí ọ̀nà tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí àwọn takisí Micra tó kún títì, mo máa ń ti kẹ̀kẹ́ ológeere mi jáde ní Òkè Àdó, ibi tó bá sì wù mí ni n ó kọjú sí.

Mo mọ ohun tí o máa sọ: ṣebí Ìbàdàn ni wọ́n bí wa sí, kí ló tún kù tí a kò mọ̀? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà tó jẹ́ mọ́tò nìkan ni mo ń wà. Onímọ́tò mọ Ring Road, ó mọ Mọ́kọ́lá, ó mọ ibi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti máa ń dá a dúró. Ṣùgbọ́n kò mọ bí òkè ìlú yìí ṣe ga tó, torí ẹ́ńjìnnì ló ń bá a gùn ún. Orókún mi ló jẹ́ kí n mọ̀ pé láti Ògùnpa títí dé Mápó, òkè ni ṣáá.

Àwọn òkè yẹn gan-an ló ń yan ọ̀nà fún mi. Mo lè ní Ọ̀jẹ́ ni mò ń lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá ti rẹ̀ mí ní Bẹẹrẹ, ibi tí ọ̀nà bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni n ó yà sí. Odò ló sì máa ń wà nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ odò Ògùnpa ti yé mi. Gbogbo wa la gbọ́ ìtàn omíyalé ọjọ́ 31 oṣù Ògọ́ọ̀sì 1980, bó ṣe gbé ènìyàn, tó gbé ilé. Nínú mọ́tò, gọ́tà ńlá oníkọnkéré lásán ni odò náà, a ó ti kọjá lórí afárá kí a tó rí i. Ṣùgbọ́n bí o bá sọ̀ kalẹ̀ láti apá Bẹẹrẹ lónìí, tí o tún sọ̀ kalẹ̀ láti apá Mọ́kọ́lá lọ́jọ́ mìíràn, tí odò kan náà tún pàdé rẹ, o ò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tí gbogbo omi yẹn ti wá.

Bí mo bá rójú gun òkè dé Mápó, mo máa ń dúró mí. Láti ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929 yẹn, Cocoa House alájà 26, tí à ń gbójú sókè wò ní Dùgbẹ̀, ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni yóò wà.

Àárín àwọn agbo ilé ni mo fẹ́ràn jù. Níbẹ̀, sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ kí o kí wọn kí o tó kọjá. Ojúde onílé lò ń gbà, ibojì bàbá wọn sì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà rẹ. Bí o bá béèrè ọ̀nà, wọ́n lè ní kí o yà níbi igi ìrókò, kí wọ́n má sọ fún ọ pé wọ́n ti gé igi náà kí wọ́n tó bí ẹ. Nísàlẹ̀ Òkè Àrẹ̀, ìyá àgbà kan bi mí pé, “Ibo lò ń lọ, ọmọ yìí?” Mo ní, “Mi ò lọ síbì kankan, mà. Mo kàn ń gun kẹ̀kẹ́ kiri ni.” Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n ní, “Ó ti ṣìnà, ojú ló ń tì í.” Ni wọ́n bá pe ọmọ kékeré kan pé kó sìn mí dé títì. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo tẹ̀ lé e. Àbùjá tí ọmọ náà mú mi gbà, ẹ̀gbẹ́ Láyípo la já sí, ilé gogoro tí wọ́n kọ́ ní 1936 láti fi rántí Bower, òyìnbó tó jẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn láyé àtijọ́. Láti kékeré ni mo ti rò pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló débẹ̀.

Àwọn ọlọ́kadà yóò pariwo, “Àǹtí, ẹ jẹ́ ká gbé yín, owó ò pọ̀!” Má dá wọn lóhùn. Ìwó Road àti Challenge, níbi tí ọkọ̀ pọ̀ sí, ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o, ayé dùn.

Mo mọ̀ pé etí odò tí wọ́n gbẹ́ ní Hackney, ní Lọ́ńdọ̀nù, lo máa ń gbà lọ síbi iṣẹ́, ilẹ̀ ibẹ̀ sì tẹ́jú bíi pátákó. Má fi ẹsẹ̀ yẹn wá halẹ̀ mọ́ Mápó. Bí o bá ń bọ̀, bá mi ra rọ́bà bíréèkì, torí ìsọ̀kalẹ̀ Mápó ti jẹ tèmi tán. Kí o ra tìrẹ mọ́ ọn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin,
Òkè Àdó, Ìbàdàn