Ìwé ẹ̀bẹ̀ lórí àtọ̀sí ajá ní abúlé etí dáàmù Ọ̀yán

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Abẹ́òkúta,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Àwa ẹgbẹ́ onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí ní Abẹ́òkúta ń bẹ̀bẹ̀ nítorí àwọn ọmọ tó ń tọ ẹ̀jẹ̀ ní abúlé etí dáàmù Ọ̀yán.

Oògùn praziquantel tí a fi ń wo àtọ̀sí ajá yìí dára, ṣùgbọ́n kòkòrò tó ti dàgbà ló ń pa. Ọmọ tó lò ó lónìí tó sì padà sódò lọ́la, àrùn náà ti ń dúró dè é níbẹ̀. Ìtọ̀ ló ń gbé ẹyin kòkòrò dé inú omi, ibẹ̀ ló ti ń pa, tí ọmọ inú rẹ̀ á sì wọ ara ìgbín omi kékeré tó ń jẹ́ Bulinus. Ẹ mú ìkarahun rẹ̀ dání, kí ṣóńṣó rẹ̀ wà lókè, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí yín: ẹ ó rí i pé apá òsì ni ẹnu náà wà. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, ìgbín yìí á máa tú kòkòrò sómi, pàápàá lọ́sàn-án gangan, ìgbà tí àwọn ọmọ ń lúwẹ̀ẹ́ tí àwọn ìyá ń fọṣọ. Awọ ara ni wọ́n ń gbà wọlé, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Nítorí náà, ẹ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún wọn, ẹ ṣe ibi ìfọṣọ onísìmẹ́ǹtì àti ṣáláńgá jìnnà sétí odò. Níbi tí kànga kò bá tíì dé, kí wọ́n pọn omi sínú àgbá tó ní ìdérí fún wákàtí 48 kí wọ́n tó fi wẹ̀. Kí wọ́n sì ṣọ́ra kí ìgbín má bá a wọ̀ ọ́.

Ẹ tún jẹ́ ká yẹ ìtọ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé wò ṣáájú ọjọ́ oògùn. Aago 10 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán ni ká gbà á. Ti kùtùkùtù a máa tan ni jẹ, ẹyin inú rẹ̀ kì í pọ̀. Mililítà 10 là ń sẹ́, ẹyin tó ní ẹ̀gún kékeré nídìí là ń kà. Ìtọ̀ náà kò gbọdọ̀ dúró nínú oòrùn, kò sì gbọdọ̀ sùn mọ́jú. Yàrá kan tó ní iná la nílò. Máíkírósíkóòpù wà lọ́wọ́ wa.

Lọ́jọ́ oògùn, kí wọ́n kọ́kọ́ fún àwọn ọmọ lóúnjẹ, torí ikùn òfìfo ló sábà ń fa èébì. Ọmọ tó wọn kílò 30 nílò miligíráàmù 1200, ìyẹn hóró méjì oní-600.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má da oògùn apagbín sódò láìsí onímọ̀ níbẹ̀. Niclosamide ń pa ẹja pẹ̀lú, ẹja sì ni òwò ọ̀pọ̀ wọn.

Ẹ dá ọjọ́ fún wa, ká gbé ìgbín náà wá nínú ife omi, kí ẹ fojú ara yín rí i.

Àwa ni,
Ẹgbẹ́ onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí, Abẹ́òkúta