Ẹ Dojú Kóńgò Dé, Kí Ẹ Wo Ìdí Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ojúmọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ìwé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà lókè òkun tẹ́ ẹ ń fi òru ṣiṣẹ́ nínú òtútù, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi tipẹ́. Mo ti sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ fún àwọn tó súnmọ́ mi, ṣùgbọ́n ara ti ń dàgbà, mo sì rò ó pé kí n kọ ọ́ sílẹ̀ ló dára.

Ojú tí Kristẹni fi ń wo ayé ni mo fẹ́ bá yín sọ. Èyí tí a fi ń wo pẹpẹ lọ́jọ́ Ìsinmi kò ṣòro, kálukú ló ní in. Èyí tí a fi ń wo ọjà, owó, ìdánwò, ọmọ ọ̀dọ̀ àti ẹni tó jókòó tì wá nínú dánfó ni mò ń wí. Kí n tó sọ ohun tí mo rò, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo ṣe.

Ìrẹsì, ẹ̀wà àti gàárì ni mo tà jẹun láti ìgbà tí mo ti wà ní ọ̀dọ́mọbìnrin. Ọ̀dọ̀ ìyá kan ní ọjà kan n'Íbàdàn ni mo ti kọ́ ọ. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ dá dúró, ìyá náà ra kóńgò tuntun fún mi. Ó dojú rẹ̀ dé sórí òkúta, ó mú ọmọ odó, ó sì ń rọra gbá a nídìí, títí ìdí kóńgò náà fi wọnú bí ikùn ẹni tí ebi ń pa. Ó yí i padà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Bí a ṣe ń rí jẹ nìyẹn." Ó tún kọ́ mi bí a ṣe ń bu gàárì. A kì í tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ńṣe là ń rọra wọ́n ọn sínú kóńgò kí afẹ́fẹ́ lè wà láàárín rẹ̀, a ó wá fi ọwọ́ kó èyí tó kù jọ sórí bí òkè. Oníbàárà á rí òkè náà, inú rẹ̀ á dùn. A ó bu èènì ìkúnwọ́ kan lé e, yóò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wa.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi lo kóńgò yẹn. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, mò ń gbààwẹ̀, mò ń lọ sí ìṣọ́ òru, n kò sì jẹ́ pàtẹ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹ gbọ́ mi yé o: n kò mọ̀ pé mò ń jalè. Bí wọ́n bá ní kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi nígbà náà, ìbínú ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Kóńgò kò ní sọ sí mi lọ́kàn rárá. Ọjà ni ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì ni ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú méjì ni mo ní, mo sì ń pààrọ̀ wọn bí ẹni ń pààrọ̀ ìró.

Ìkórè ọdún kan ló là mí lójú. Mo jẹ́jẹ̀ẹ́ ìrẹsì kóńgò mẹ́wàá, mo sì wọ̀n ọ́n nílé tìdùnnú-tìdùnnú. Nígbà tí mo gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì, màmá àgbà kan ló ń fi kóńgò ìjọ wọn ohun tí àwọn èèyàn mú wá. Ìdí kóńgò tiwọn tẹ́jú pẹrẹsẹ. Màmá ń kà á sókè bó ti ń wọ̀n ọ́n: ení, èjì, ẹ̀ta. Nígbà tó ka ẹ̀jọ, èyí tó kù nínú àpò kò tó àbọ̀. Ó bojú wo inú àpò. Ó gbọ̀n ọ́n. Ó wò mí, èmi náà wò ó. Ọlọ́jà ni àwa méjèèjì, kò sẹ́ni tí a ó ṣàlàyé fún. Màmá kò sọ nǹkan kan. Ó fa àpò ìdúpẹ́ tirẹ̀ mọ́ra, ó bù nínú rẹ̀ sí tèmi títí tó fi pé mẹ́wàá, ó sì ké sí akọ̀wé pé kó kọ mẹ́wàá sílẹ̀ fún mi.

Bó bá jẹ́ pé ó bú mi ni, ǹ bá bínú, ǹ bá wá àwáwí. Oorun kò kùn mí lóru ọjọ́ náà. Orí ibùsùn ni mo ti ń ka àwọn oníbàárà mi: ìyá ìbejì tó máa ń ra àbọ̀ kóńgò, bàbá tíṣà tó máa ń rà ní ìparí oṣù tí yóò sì ka owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó san án, ọmọdé tí wọ́n rán wá tó di ike mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ojú tì mí níwájú Ọlọ́run torí pé ọrẹ rẹ̀ dín. Ọdún mẹ́sàn-án ni tiwọn ti ń dín, ojú kò tì mí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka Bíbélì bí ẹni tó ń ta gàárì. Ẹ ṣí Lúùkù orí 6, ẹsẹ 38, níbi tí Olúwa ti sọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n dáradára, àkìmọ́lẹ̀, àmìpọ̀, àkúnwọ́sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ gba ọrẹ la máa ń gbọ́ ọ, kí a lè ti ọwọ́ bọ àpò. Ẹ fi ojú ọlọ́jà kà á. Tí a bá kì í mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ á jáde. Tí a bá mì í pọ̀, àlàfo tó wà láàárín hóró á dí. Tó bá kún wọ́sílẹ̀, a jẹ́ pé kò sí ọwọ́ tó ń ré orí rẹ̀ kúrò. Gbogbo ọgbọ́n tí ọ̀gá mi kọ́ mi ni Olúwa mọ̀, ó sì dárúkọ òdìkejì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní àyà la ó wọ̀n ọ́n sí, bí obìnrin ṣe ń na etí aṣọ gba nǹkan. Bóásì ṣe bẹ́ẹ̀ fún Rúùtù, òṣùwọ̀n ọkà báàlì mẹ́fà ló wọ̀n sínú aṣọ ìbora rẹ̀. Ẹ wá wo ẹsẹ tó ṣáájú nínú Lúùkù: ká má ṣe dáni lẹ́jọ́, ká máa dárí jini. Bí a ṣe ń ṣe sí ọmọnìkejì ni Olúwa ń wọ̀n níbẹ̀.

Àṣé ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan. Ó wo obìnrin tó ń po ìwúkàrà mọ́ òṣùwọ̀n ìyẹ̀fun mẹ́ta. Ó wo ẹni tó ń fi aṣọ tuntun lẹ ògbólógbòó ẹ̀wù. Ó wo obìnrin tó tanná, tó mú ọwọ̀, tó ń gbálẹ̀ kiri nítorí owó fàdákà kan ṣoṣo. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni òun alára, ará ìlú rẹ̀ sì fi pè é. Ẹni tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́ pákó mọ̀ bóyá ilẹ̀kùn bá ojú ọ̀nà mu tàbí kò bá a mu. Ẹ ka Léfítíkù orí 19 náà. Orí yẹn ló ní kí a fẹ́ràn ọmọnìkejì wa bí ara wa. Inú rẹ̀ kan náà ló ti ní kí a fi igun oko sílẹ̀ fún tálákà, kí owó alágbàṣe má sùn mọ́ wa lọ́wọ́, kí a má gbé ohun ìkọ̀sẹ̀ síwájú afọ́jú, kí òṣùwọ̀n wa sì pé. Ọlọ́run kò pín wọn sí ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti ọjà. Àwa la pín in.

Kódà, ibi iṣẹ́ ni Ọlọ́run ti ń bá èèyàn pàdé. Joseph Ayọ̀ Babalọlá tó di wòlíì, awakọ̀ katakata tó ń tẹ ọ̀nà ni. Ẹ̀bá ọ̀nà ló wà ní 1928, tó ń tún ẹ̀rọ tó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ ṣe, nígbà tí ìpè dé bá a.

Ẹ jẹ́ kí n wá bá yín sọ ti ayé tiyín. Mo máa ń rí dánfó tí wọ́n kọ orúkọ Jésù gàdàgbà sí lára, tí táyà rẹ̀ sì ti fá bí orí àgbà. Ọmọ mi tó ń wakọ̀, bíréèkì rẹ wà nínú ẹ̀sìn rẹ. Èèyàn méjìdínlógún tó wà lẹ́yìn rẹ yẹn, Ọlọ́run ló kó wọn lé ọ lọ́wọ́ láti ibùdókọ̀ kan dé èkejì. Mo sì gbọ́ pé ibi tí wọ́n ti ń kọ ìdáhùn ìdánwò fún akẹ́kọ̀ọ́, mírákù sẹ́ńtà lẹ̀ ń pè é. Orúkọ yẹn dùn mí ju olè náà lọ. Iṣẹ́ ìyanu! Orúkọ tí a fi ń pe ìgbà tí afọ́jú ríran la gbé wọ irọ́. Ọmọ tó bá sì ti ibẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, àbí ti nọ́ọ̀sì, ara aláìsàn ni yóò ti san gbèsè rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀ ń kó ìbànújẹ́ bá mi. Ìdílé á wọ aṣọ funfun lọ sí ìsìn, ọmọ ẹlòmíràn á gbé àpò ọmọ wọn tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n bá dé, òun ló máa jẹun kẹ́yìn, àwo tirẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹ rántí Àjàyí ará Òṣóogùn. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú, ọmọdé tó ṣì ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀, wọ́n sì fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Ní ìjọ́ yẹn, nínú ìwọ̀n àwọn tó ń tà á, ẹṣin kan ni òun. Ọkùnrin yìí kan náà, Samuel Àjàyí Crowther, ló di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, tó sì wà nídìí iṣẹ́ tó fún wa ní odindi Bíbélì lédè Yorùbá ní 1884. Ní ojúewé àkọ́kọ́ ibẹ̀ la ti ń kà á pé ní àwòrán ara rẹ̀ ni Ọlọ́run dá ènìyàn. Ọmọ tó ń fọ abọ́ nílé yín, ẹ bojú wò ó dáadáa.

Ọ̀kan tún kù, mi ò sì ní fi bò fún yín nítorí pé inú ìjọ ló ti ń ṣẹlẹ̀. Àwọn kan rò pé kí èèyàn rí ayé bíi Kristẹni ni kó máa rí ọ̀tá nídìí gbogbo nǹkan. Ibà mú ọmọ, àjẹ́ ni. Iṣẹ́ bọ́, màmá ọkọ ni. Mo ti rí ìyá arúgbó tí àwọn ọmọ tirẹ̀ sá fún torí pé ẹnìkan ríran sí i, tó jẹ́ pé aládùúgbò ló ń gbé ọbẹ̀ fún un. Ẹ̀rù ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìgbàgbọ́. Oníṣègùn ni Lúùkù, Pọ́ọ̀lù sì pè é ní olùfẹ́. Ẹ gbàdúrà, kẹ́ ẹ sì gbé ọmọ lọ síbi tí wọn yóò ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ lọ kí màmá yín.

Ẹ lè bi mí pé báwo ni èèyàn ṣe ń kọ́ ojú yìí. Èmi ò mọ ọ̀nà kíákíá. Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń ka ibì kan nínú ìwé Ìhìn Rere lálẹ́, ibi kékeré, mo sì máa ń bi ara mi pé, kí ni Olúwa ń wò níbí tí ẹlòmíràn kò rí? Nígbà tí mo ṣì wà lọ́jà, lówùúrọ̀ màá gbé e lọ sí ìsọ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tí mi ò rí nǹkan kan. Ọjọ́ mìíràn, nídìí ìyá tó ń ná ọjà sí mi lọ́rùn ni màá ti rí i pé owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó, ojú ló ń tì í láti sọ. Ẹ súnmọ́ àwọn àgbà tí ọwọ́ wọn mọ́ pẹ̀lú. N kò rántí ìwàásù kankan ní ọdún ìkórè yẹn, ṣùgbọ́n mo rántí bí màmá náà ṣe fa àpò rẹ̀ mọ́ra.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé ọjà mi kún nígbà tí mo ra kóńgò tuntun. Ńṣe ló dá. Nígbà tí òṣùwọ̀n pé, owó gbọ́dọ̀ gbéra díẹ̀, àwọn oníbàárà sì ń wo owó, wọn kì í wo ìdí kóńgò. Ọ̀pọ̀ wọn kọjá lọ sí ìsọ̀ kejì. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń ṣírò owó ilé ìwé àwọn ọmọ mi pẹ̀lú omi lójú. Àwọn olóńjẹ, tí wọ́n mọ iye abọ́ tó yẹ kó jáde nínú kóńgò kan, ni wọ́n kọ́kọ́ padà. Àwọn kan kò padà títí mo fi kúrò lọ́jà. Bàbá tíṣà yẹn náà kò padà, n kò sì mọ ibi tí mo lè bá a kí n san ohun tí mo jẹ ẹ́.

Ìkórè ọdún yìí ti súnmọ́ tòsí. Màmá àgbà yẹn ti lọ sinmi, èmi ni ìjọ sì ní kí n máa wọn ìrẹsì. Mo ti ra àpò kan sílẹ̀ lọ́tọ̀, yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bóyá ti ẹnìkan lè dín.

Èmi ni ìyá yín,
ọlọ́jà ìrẹsì tẹ́lẹ̀ rí, n'Íbàdàn.