Ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú láti gba fáìlì yín padà kí ẹ tó gbọ́kàn lé sọ́fítíwíà ìpamọ́ ọ̀fẹ́

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Òǹkàwé yín kan kọ̀wé lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn pé kí olúkúlùkù kó fọ́tò àti ìwé ilé rẹ̀ sórí Google, kó sì lọ sùn. Irú oorun yẹn ni mo sùn tí olè fi kó mi. Kì í ṣe ìgárá o. Ọmọ ọmọ mi, ẹni ọdún mẹ́fà, ni. Èmi fúnra mi sì ni igbákejì rẹ̀.

Tíṣà ìṣirò ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì níbí ni mò ń gbé, bí mo bá ṣí fèrèsé, Olósunta ni mo máa kọ́kọ́ rí. Láti ọdún 1998 ni mo ti ń ṣe akọ̀wé ẹbí wa, nítorí náà ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà mi kì í ṣe tèmi nìkan: àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹbí, àwòrán ilẹ̀ baba wa tí awọnlẹ̀ yà, rìsíìtì owó tí a dá fún òrùlé ilé àgbà. Ohùn màámi náà wà níbẹ̀. Ọdún 2011 ni mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn nígbà mẹ́ta, tí wọ́n ń ki orílẹ̀ wa ní ohùn Èkìtì ponbele, èyí tí àwọn ọmọ mi ń gbọ́ ṣùgbọ́n tí wọn ò lè sọ. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n papò dà.

Mo ṣe ẹ̀dà ìpamọ́, ohun táwọn ọmọ ń pè ní backup. Mo ra háàdì dísìkì tí a ń fi wáyà so, mo sì gba sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, torí ohun tí mo ní kó ṣe gan-an ló ṣe. "Mirror" ni mo yàn fún un: kí inú dísìkì máa rí gẹ́lẹ́ bí inú kọ̀ǹpútà ṣe rí. Dígí ni. N kò ronú pé bí èèyàn bá kúrò níwájú dígí, òjìji rẹ̀ náà bá a lọ nìyẹn. Lásìkò ọdún Àjíǹde, ọmọ náà ń wá géèmù, ó pa fódà kan rẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú mo so dísìkì mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, sọ́fítíwíà rí i pé fódà náà ò sí mọ́, òun náà yọ ọ́ kúrò nínú dísìkì. Lọ́jọ́ kejì kọ̀ǹpútà ní àyè ti ń kún, ni mo bá da apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí rẹ̀, níbi tí fáìlì tí a pa rẹ́ máa ń wà, nù láìyẹ inú rẹ̀ wò. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó wá ohùn màámi lọ síbẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń dá òǹkàwé yín lóhùn. Fódà tí kọ̀ǹpútà àti Google Drive, ibi ìpamọ́ Google lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bá jọ ń lò, dígí lòun náà. Ohun tí ẹ bá pa rẹ́ nílé, á parẹ́ lọ́hùn-ún. Ọjọ́ 30 ló máa lò nínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí wọn kó tó lọ pátápátá. Àyè GB 15 tí wọ́n sì ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, Gmail, Drive àti fọ́tò ló jọ ń pín in, láti oṣù kẹfà ọdún 2021 tí wọ́n ti dẹ́kun gbígba fọ́tò láìsí òdiwọ̀n. Ẹni tó bá ya fídíò ìgbéyàwó kan ṣoṣo mọ bí GB 15 ṣe kéré tó.

Látìgbà náà, ohun tí mo kọ́kọ́ ń bi sọ́fítíwíà ni pé: ṣé o lè fún mi ní fáìlì bó ṣe wà lóṣù tó kọjá? Eléyìí tó lè ṣe é tí kò sì ná mi ní kọ́bọ̀ ti wà nínú kọ̀ǹpútà mi tipẹ́. File History ni wọ́n ń pè é, ó ti wà nínú Windows láti Windows 8 ti ọdún 2012, ṣùgbọ́n kò ní ṣiṣẹ́ àfi tí ẹ bá tàn án. Bí dísìkì bá wà lára kọ̀ǹpútà, wákàtí wákàtí ló ń ṣe ẹ̀dà ohun tó bá yí padà, kì í sì í kó tuntun bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀ ni pé ó ń fi fáìlì sílẹ̀ bí fáìlì, ó kàn ń kọ ọjọ́ mọ́ orúkọ rẹ̀. Bí mo bá kú lónìí, ìyàwó mi á lè ṣí i láìwá ẹnikẹ́ni. Àléébù rẹ̀ ni pé àwọn fódà bíi Documents àti Pictures ló ń wò. Èyí tí ẹ bá tọ́jú síbòmíràn, ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn án, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní dé ibẹ̀.

Fún ìwé ilẹ̀, Duplicati, sọ́fítíwíà tó ń gbé ẹ̀dà lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni mo fi kún un. Ọ̀fẹ́ lòun náà, kóòdù rẹ̀ sì wà ní gbangba. Ó máa ń ti fáìlì pa kó tó gbé e jáde nílé, kìkì ibi tó bá yí padà ló sì máa ń fi ránṣẹ́, èyí tó dín dátà kù fún èmi tí mò ń rà á ní díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí páswọ́ọ̀dù bá sọnù, kò sí ẹni tó lè bá yín ṣí i. Mo kọ tèmi sẹ́yìn ìwé àkọsílẹ̀ ẹbí. Nígbà tí mo fẹ́ dán an wò lórí kọ̀ǹpútà ará ilé kejì, ó kọ̀ jálẹ̀. Òógùn bò mí. Àṣé òdo ni mo fi sínú páswọ́ọ̀dù, lẹ́tà O ni mo kọ sínú ìwé! Ká ní n kò dán an wò, ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà bá kú ni ǹ bá tó mọ̀.

Ọ̀fẹ́ náà lè dópin. Àwọn tó ṣe Macrium Reflect Free, sọ́fítíwíà ìpamọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ràn, dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. CrashPlan, iléeṣẹ́ tó ń bá èèyàn pa fáìlì mọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, fi àwọn oníbàárà inú ilé sílẹ̀ lọ́dún 2018, owó sì ni àwọn yẹn ń san.

Ẹ yọ wáyà dísìkì nígbà tí ẹ bá ṣe tán. Iná tó dé lójijì ládùúgbò wa sun tẹlifíṣọ̀n ará ilé kejì mi kan náà. Nígbà tí WannaCry, kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń gba owó ìtúsílẹ̀, sì ń ti fáìlì mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, dísìkì tó wà lára kọ̀ǹpútà kò là. Ayafọ́tò ará Amẹ́ríkà kan, Peter Krogh, ló sọ ìlànà kan di mímọ̀: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà níta ilé. Baba mi tí kò fojú kan kọ̀ǹpútà rí kì í kó gbogbo èbù iṣu rẹ̀ sójú kan. Dísìkì méjì ni mo ní báyìí. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin ní Adó. Bí mo bá lọ sípàdé àwa òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì lóṣooṣù, mo máa ń gbé èyí tó wà lọ́wọ́ mi fún un, máa sì gba tọ̀hún. Ó ní mo dà bí ẹni tó ń gbé oògùn kiri.

Nínú ohùn mẹ́ta yẹn, a rí ọ̀kan gbà padà nínú WhatsApp ẹ̀gbọ́n mi kan. Méjì ṣì wà nílẹ̀. Mo mọ̀ pé mo fi èyí tó gùn jù ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ Ìkẹ́rẹ́ mélòó kan nígbà náà, lórí Bluetooth, lórí àwọn fóònù tó ṣeé ṣe kó ti wà nínú dúrọ́ọ̀ báyìí. Ohùn ìyá àgbà kan tó ń kini ni, àkùkọ sì ń kọ lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jọ̀wọ́, Olóòtú, bí ẹnikẹ́ni bá rí i, kó fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì yín; màá wá gbà á.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà fẹ̀yìntì, akọ̀wé ẹbí,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.