Ọ̀RỌ̀ OLÙṢỌ́-ÀGÙNTÀN: OHUN TÍ ÒBÍ BÁ MỌ̀, KÍ Ó SỌ Ọ́

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, àlàáfíà fún yín.

Ẹ̀kọ́ tó yẹ kó tẹ̀lé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbé e tì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín wa láti Ọjọ́ Ìsinmi, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí àwọn òbí ọmọ kan tó nílò ìrànlọ́wọ́ àrà ọ̀tọ̀, kò jẹ́ kí n lè kọ ọ́. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó sọ̀rọ̀ mọ ara rẹ̀, ẹni tí wọ́n sọ ọ́ sí kò tíì gbàgbé, Ọlọ́run náà sì gbọ́.

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Jòhánù orí 9. A mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dáadáa: àwọn ọmọ ẹ̀yìn rí ọkùnrin tí wọ́n bí ní afọ́jú, wọ́n ní ta ló dẹ́ṣẹ̀, ṣé òun ni tàbí àwọn òbí rẹ̀? Jésù ní kì í ṣe òun, kì í sì í ṣe àwọn òbí rẹ̀. Láti ibẹ̀ la máa ń sáré dé ibi amọ̀ àti adágún Sílóámù. Lónìí, ẹ jẹ́ kí a dúró ní ẹsẹ 18 sí 23. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ránṣẹ́ pe bàbá àti ìyá rẹ̀. Àwọn aláṣẹ bi wọ́n pé: ṣé ọmọ yín nìyí? Ṣé afọ́jú lẹ bí i lóòótọ́? Báwo ló ṣe wá ń ríran?

Ẹ wo bí wọ́n ṣe dáhùn. A mọ̀ pé ọmọ wa ni. A mọ̀ pé afọ́jú la bí i. Bó ṣe wá ń ríran, a kò mọ̀. Ẹ bi òun fúnra rẹ̀, ó tó ẹni tí í sọ tẹnu rẹ̀. Oníwàásù púpọ̀ ti bú àwọn òbí yìí pé ojo ni wọ́n, Bíbélì náà sì sọ pé ẹ̀rù bà wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ tún un kà. Wọn kò sẹ́ ọmọ, wọn kò sì sẹ́ ojú tó fọ́. Wọ́n ya ohun tí wọ́n mọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọn kò mọ̀. Ibo wá ni ẹ̀rù náà ti wá? Ẹsẹ 22 dáhùn: kí wọ́n má baà lé wọn jáde kúrò nínú sínágọ́gù ni. Àwọn tí wọ́n jọ ń sin Ọlọ́run ni wọ́n ń bẹ̀rù.

Àwọn òbí kan láàárín wa ní England níbí ti gba ímeèlì láti ilé-ìwé pé kí wọ́n wá rí SENCO, ìyẹn olùkọ́ tó ń bójú tó àwọn ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ àrà ọ̀tọ̀. Wọ́n ń lọ bí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́. Ẹ fi ọkàn balẹ̀. Ìpàdé yìí kì í ṣe ti àwọn tó ń gba ọmọ lọ́wọ́ òbí. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo.

Ẹ kọ́kọ́ ní ìwé kan nílé. Fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìpàdé, ẹ máa kọ ohun tí ẹ rí: ọjọ́, aago, ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú, ohun tí ọmọ ṣe, bó ṣe pẹ́ tó, ohun tó mú kí ara rẹ̀ balẹ̀. “Oníjàgídíjàgan ni” kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. “Ní ọjọ́ Tuesday, ẹ̀rọ ìfọṣọ ń dún, ó di etí méjèèjì, ó sunkún fún ogún ìṣẹ́jú” ni yóò jẹ́ kí olùkọ́ mọ ibi tí ó yẹ kó wò. Ẹ mú ìwé pupa ìlera ọmọ dání, pẹ̀lú ìròyìn ilé-ìwé tó kẹ́yìn àti lẹ́tà dókítà. Bí wọn kò bá tíì yẹ etí àti ojú rẹ̀ wò, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀. Omi tó dì sẹ́yìn ìlù etí wọ́pọ̀ lára ọmọdé, ó sì lè mú kí ọmọ dà bí ẹni tí kì í gbọ́ràn. Ọ̀fẹ́ ni NHS, ìyẹn iléeṣẹ́ ìlera ìjọba, ń yẹ ojú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 wò.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi ọmọ fúnra rẹ̀ léèrè, gẹ́gẹ́ bí àwọn òbí yẹn ti wí. Kò dìgbà tó bá dàgbà. Apá ibo nínú ilé-ìwé ló le jù? Ìgbà wo ló máa ń wù ú kó sá? Bí kò bá lè sọ ọ́, kó yà á ní àwòrán.

Ẹ kọ ímeèlì ṣáájú láti mọ àwọn tí yóò wà níbẹ̀ àti iye àkókò tí ẹ ní. Ó lè má ju ààbọ̀ wákàtí lọ, nítorí náà ẹ kọ ohun mẹ́ta tó ṣe pàtàkì jù sórí ojú ìwé kan. Bí èdè Gẹ̀ẹ́sì wọn bá ń yára jù, ẹ ní kí wọ́n wá ògbufọ̀. Ẹ mú ẹnì kan dání tí yóò máa kọ̀wé, torí ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ kì í gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ní “a ti ń ràn án lọ́wọ́,” ẹ bèèrè pé: kí ni gan-an? Ìṣẹ́jú mélòó, ìgbà mélòó lọ́sẹ̀, ta ló ń ṣe é, àwọn ọmọ mélòó ni wọ́n jọ ń gbà á? Kí ni yóò fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ wo la ó sì tún yẹ̀ ẹ́ wò? Ìlànà ìjọba ti ọdún 2015 ní kí ilé-ìwé pàdé òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ó kéré tán ní ìgbà 3 lọ́dún. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́: “Ohun tí a fẹnu kò sí nìyí.” Ohun tí a kò kọ sílẹ̀, bí olùkọ́ bá ti kúrò ní ilé-ìwé náà, ó bá a lọ nìyẹn.

Wàyí o, ibi tí púpọ̀ nínú wa ti ń ṣubú nìyí. Olùkọ́ á bèèrè pé báwo ló ṣe rí nílé, ojú á ti ìyá, á ní “kò sí wàhálà rárá.” Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn òbí kò rí ìṣòro kankan. Lọ́dún méjì sí i, ìlà kan ṣoṣo yẹn ni wọn yóò fà yọ láti fi sọ pé ọmọ kò nílò ìrànlọ́wọ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀. Ohun tí ẹ kò mọ̀, ẹ ní ẹ kò mọ̀.

Bí wọ́n bá ní Yorùbá tí ẹ ń sọ nílé ló fà á, ẹ mọ̀ pé òfin Children and Families Act ti ọdún 2014 kò gbà kí a tìtorí èdè ilé nìkan pe ọmọ ní ẹni tó ní ìṣòro ẹ̀kọ́. Ẹ má pa Yorùbá tì. Ẹ kúkú sọ fún wọn bí ó ṣe rí ní Yorùbá: bí ẹ bá ní “gbé bàtà rẹ, kí o gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn,” ṣé ó ń ṣe méjèèjì? Bí ó bá nira fún un ní èdè méjèèjì, kì í ṣe Yorùbá tí ẹ ń sọ nílé ló fà á. Bí ilé-ìwé bá sì ń pè yín pé kí ẹ wá mú ọmọ lọ sílé lọ́sàn-án kí ara rẹ̀ lè balẹ̀, ẹ bèèrè ìwé. Lófin, ìdádúró lẹ́nu ẹ̀kọ́ nìyẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí ìrànlọ́wọ́ ilé-ìwé kò bá tó, òbí fúnra rẹ̀ lè kọ̀wé sí káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, pé kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò EHC, ìyẹn àyẹ̀wò ohun tí ọmọ nílò ní ti ẹ̀kọ́, ìlera àti ìtọ́jú. Kò dìgbà tí ilé-ìwé bá fọwọ́ sí i, kò sì dìgbà tí dókítà bá dárúkọ àìsàn. Káńsù gbọ́dọ̀ fèsì láàárín ọ̀sẹ̀ 6. Bí ó bá já sí ìwé ètò EHC, tó ń sọ ìrànlọ́wọ́ tí ọmọ gbọ́dọ̀ rí gbà, ọ̀sẹ̀ 20 ni gbogbo rẹ̀ lábẹ́ òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé káńsù púpọ̀ ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ lè pe ẹjọ́ ní SEND Tribunal, ìyẹn ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, láàárín oṣù 2 sí ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà náà, tàbí oṣù 1 sí ọjọ́ tí ẹ gba ìwé ẹ̀rí ìlàjà (ìwé tó fi hàn pé ẹ ti kàn sí olùlàjà), èyí tó bá kẹ́yìn. SENDIASS, ìyẹn àwọn tó ń gba òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nímọ̀ràn, wà ní àgbègbè gbogbo káńsù, ọ̀fẹ́ sì ni ìmọ̀ràn wọn. (Ilẹ̀ England ni mo ń sọ, òfin ti Wales àti Scotland yàtọ̀.)

Ọ̀rọ̀ kan wá kù, àwa tí a ń pe ara wa ní ìjọ ni mo ń bá wí. A ní ojú mẹ́rin ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Kí la wá fi igba ojú náà ṣe? A fi wo ọmọ níwòkuwò. A fa àga ọmọ tiwa kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A bi ìyá léèrè ohun tó jẹ nígbà tó lóyún. A ní ẹ̀mí kan ń dà á láàmú, a ní kí wọ́n gbé e lọ sílé ní Nàìjíríà kí wọ́n lọ bá wọn nà án. Ta ló rán wa níṣẹ́ yẹn? Ìbéèrè tí Jésù ti dá padà là ń tún bèèrè, lórí ọmọ tó wá kọrin sí Ọlọ́run. Ẹ dẹ́kun rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sọ ọ́, ẹ lọ tọrọ àforíjì nílé wọn, kì í ṣe lórí WhatsApp. Ẹ̀yin bàbá tí ẹ ń sọ pé “ọmọ mi kò ya wèrè” tí ẹ sì ń jẹ́ kí ìyàwó dá lọ sí gbogbo ìpàdé, ìyá nìkan kọ́ ni wọ́n pè nínú ẹsẹ 18. Bàbá náà wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, ẹ má ṣe fi ìjọ sílẹ̀. Àyè yín wà, àyè ọmọ yín sì wà lọ́wọ́ iwájú. Àdúrà kò dí àyẹ̀wò lọ́wọ́, a ó máa gbàdúrà bí ẹ ti ń kọ fọ́ọ̀mù. Bí kò bá sí ẹni tí yóò bá yín lọ sí ìpàdé láti kọ̀wé, èmi tàbí ìyá ìjọ yóò lọ.

ÌKÉDE: Ẹgbẹ́ akọrin yóò pàdé ní Saturday, aago 4, kì í ṣe aago 5 mọ́. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn yóò wà ní ṣíṣí nígbà ìsìn fún ọmọ tí ariwo bá ń ni lára; a nílò olùyọ̀ǹda ara ẹni méjì níbẹ̀, ẹ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé. Ẹni tó mú kúlà aláwọ̀ búlúù lọ lẹ́yìn oúnjẹ ìdúpẹ́, jọ̀wọ́ dá a padà.