Ọ̀rọ̀ Sí Àwọn Òbí Wa: Ìdí Tí A Fi Ń Ní Kí Ẹ Fọwọ́ Sí Tábúlẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin òbí wa ní Houston, tí à ń bá yín kọ́ àwọn ọmọ yín tó ní ọ́tísìmù (autism), ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ kú ìfaradà wa náà.

A mọ̀ pé inú ọ̀pọ̀ yín kò dùn. Láti ìgbà tí tábúlẹ́ẹ̀tì (kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ) ti gba ipò bébà tí ẹ máa ń fọwọ́ sí láti jẹ́rìí sí àkókò tí a fi bá ọmọ yín ṣiṣẹ́, ẹjọ́ kò tán létí wa: “Ṣé ẹ ò fọkàn tán wa ni?” “Ta ló ń ka ọ̀rọ̀ ọmọ mi?” A ò bínú. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé, torí pé fàájì kọ́ ló gbé wa débí.

Ọ̀rọ̀ inṣọ́ránsì ló ṣáájú. Bóyá Medicaid, inṣọ́ránsì ìjọba fún àwọn tí owó wọn kò pọ̀, ló ń sanwó ọmọ yín (oṣù Èrèlé 2022 ni Medicaid Texas bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ABA, ìyẹn irú ẹ̀kọ́ ìwà àti ìṣe tí à ń kọ́ àwọn ọmọ yín) tàbí inṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ yín, ìṣẹ́jú 15 ni wọ́n fi ń ka iṣẹ́ wa. Yúnìtì kan nìyẹn. Wákàtí kan sì jẹ́ yúnìtì 4. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fún wa ní ìwé àṣẹ tí iye yúnìtì wà nínú rẹ̀. Ẹ wo ọmọ tí wọ́n fún ní wákàtí 15 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 26: yúnìtì 1,560 ni, kò lé kan. Tí òbí bá ń pe tẹ́rápísìtì pé “ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dúró díẹ̀ sí i, mo wà lójú ọ̀nà”, tí èyí sì di wákàtí 2 lọ́sẹ̀, yúnìtì 68 ló ń lọ dípò 60. Kí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún tó parí, gbogbo rẹ̀ ti tán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kù, inṣọ́ránsì kò ní san kọ́bọ̀. Ọmọ á jókòó sílé, àwa la ó sì jẹ̀bi.

Bébà kò lè kìlọ̀ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ètò kọ̀ǹpútà tí a kọ́kọ́ rà náà kò lè ṣe é, ibẹ̀ ló sì dùn wá jù. Ètò tí wọ́n ṣe fún àwọn dókítà ni. Ó láyè fún ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ó láyè fún ìgbóná ara, ó láyè fún oògùn. Ọmọ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè omi, kí la fẹ́ fi ìfúnpá rẹ̀ ṣe? Ohun tí àwa ń kọ ni pé a dán an wò nígbà 10, ó ṣe é fúnra rẹ̀ nígbà 7, a ràn án lọ́wọ́ nígbà 3. Tó bá bu ara rẹ̀ jẹ, a ó kọ iye ìgbà, ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú, àti ohun tó tẹ̀lé e. Nọ́ńbà wọ̀nyí gbọ́dọ̀ di gíráàfù, torí gíráàfù ni BCBA, ọ̀gá tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ ọmọ, ń wò kó tó pinnu bóyá ọ̀nà tí à ń gbà kọ́ ọmọ náà ń ṣiṣẹ́. Nínú ètò àwọn dókítà yìí, inú àpótí “àkíyèsí” ni gbogbo rẹ̀ ń rọ́ sí bí ìtàn àròkọ. Nígbà tí a sì fẹ́ kúrò níbẹ̀, PDF ni ilé-iṣẹ́ tó tà á fún wa kó lé wa lọ́wọ́. A sanwó fún PDF náà o! Kò sí nọ́ńbà kan nínú rẹ̀ tí ètò tuntun lè gbà wọlé, ọwọ́ la fi ń tẹ̀ ẹ́ padà, ọmọ kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ní iṣẹ́ tiyín, kí ẹ tó sanwó fún ètò kọ̀ǹpútà kankan, ẹ béèrè irú fáìlì tí wọn yóò kó fún yín lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ, kí ẹ sì rí i nínú àdéhùn.

Èyí tí à ń lò báyìí, torí irú iṣẹ́ wa ni wọ́n ṣe ṣe é. Ó ń ka yúnìtì, ó ń ya gíráàfù, ó sì ń ṣọ́ bóyá RBT, ìyẹn tẹ́rápísìtì tó ń bá ọmọ yín ṣiṣẹ́, ti rí alábòójútó rẹ̀ fún ó kéré tán ìdá 5 nínú 100 wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ lóṣù.

Ìfọwọ́sí ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sòótọ́: ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń fọwọ́ sí bébà ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan náà lọ́jọ́ Ẹtì. Ọmọ tó yẹ kó ṣe agogo 4 sí 6, tó bá lọ ní agogo 5:40, ìṣẹ́jú 100 ló ṣe. Yúnìtì 6 jẹ́ ìṣẹ́jú 90. Ìṣẹ́jú 10 tó kù ju ìdajì yúnìtì lọ, nítorí náà yúnìtì 7 ló yẹ ká gbà. Tí bébà bá sọ pé 8, owó tí kì í ṣe tiwa la gbà yẹn. Tí inṣọ́ránsì bá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n á gbà á padà, nígbà tó jẹ́ pé a ti fi san owó oṣù tipẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ kí ẹ fọwọ́ sí i gbàrà tí iṣẹ́ bá parí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ ọmọ yín á dé ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rù yín tọ́. Ìlú yìí tóbi, àmọ́ àwa Yorùbá ibẹ̀ mọ ara wa. Ẹni tó ń tọ́jú ọmọ yín lè jókòó sẹ́yìn yín lọ́jọ́ Àìkú. Ṣùgbọ́n bébà inú dúrọ́ọ̀ ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù jù. Ní báyìí, tẹ́rápísìtì kò lè ṣí fáìlì ọmọ tí kò sí lábẹ́ rẹ̀, orúkọ ẹni tó bá sì ṣí fáìlì máa ń wà lákọsílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti ìṣẹ́jú tó ṣí i. Lábẹ́ HIPAA, òfin Amẹ́ríkà ti 1996 tó ń dáàbò bo àṣírí ọ̀rọ̀ ìlera, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ẹ̀dà fáìlì ọmọ yín.

Ohun tí a fẹ́ lọ́wọ́ yín kò pọ̀. Ẹ ṣí líǹkì tí a fi ránṣẹ́ sí ímeèlì yín, ẹ yan ọ̀rọ̀ aṣínà, kí ẹ sì tẹ nọ́ńbà tó bá wọlé sórí fóònù yín. Tí ẹ bá ti pààrọ̀ láìnì, ẹ kọ́kọ́ sọ fún wa, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà náà kò ní dé. Bàbá àti ìyá, kí kálukú ní tirẹ̀. Tó bá jẹ́ ìyá àgbà tó ti Nàìjíríà wá ló máa ń wà nílé, ẹ fi orúkọ wọn ránṣẹ́ kí ìfọwọ́sí wọn lè bófin mu. Tí iṣẹ́ bá parí ni kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ má fọwọ́ sí i ṣáájú. Tí àkókò tó wà níbẹ̀ kò bá bá ohun tí ẹ rí mu, ẹ má fọwọ́ sí i rárá. Ẹ pè wá.

Ọjọ́ Ẹtì méjì tó ń bọ̀, agogo 12 ọ̀sán la ó ti ọ́fíìsì, ká lè parí gíráàfù tó kù. Ọmọ mọ́kànlá ló ṣẹ́ kù.

Ẹ ṣeun, ẹ bá wa fara dà á.

Olùdásílẹ̀ àti gbogbo òṣìṣẹ́