Lẹ́tà sí Ọmọ Mi tó ń Lọ Ṣiṣẹ́ Láàárín Àwọn Ogúnléndé Rohingya

Àṣàkẹ́ mi,

Àsàláàmù aláékùmù. Mo gbọ́ pé wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́ omi àti ìmọ́tótó ní Cox's Bazar, ní Bangladesh, níbi tí àgọ́ àwọn ogúnléndé Rohingya wà. Inú mi dùn sí i gan-an. Kí o tó di ẹrù, jókòó ka ìwé yìí.

Kọ́kọ́ mọ ẹni tí o fẹ́ lọ bá. Àwọn Rohingya, tí ọ̀pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ Mùsùlùmí, kì í ṣe àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Myanmar (Burma). Ìpínlẹ̀ Rakhine, tí wọ́n ń pè ní Arakan tẹ́lẹ̀, ni ilé baba wọn. Òfin ọdún 1982 ló já ẹ̀tọ́ ọmọ onílẹ̀ gbà lọ́wọ́ wọn: ẹ̀yà 135 ni ìjọba kà sí onílẹ̀, wọn ò sì ka Rohingya mọ́ wọn. Láti abúlé kan sí èkejì, àfi kí wọ́n gbàṣẹ. Kí wọ́n tó ṣègbéyàwó, àfi kí wọ́n gbàṣẹ. Nígbà tí àwọn sójà fi máa kó iná sí abúlé wọn ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, ìwà ìkà náà ti pẹ́ nínú ìwé òfin. Èèyàn tó lé ní 700,000 ló sá wọ Bangladesh láàárín oṣù díẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn gba orí odò Naf kọjá. Wọ́n ti sá bẹ́ẹ̀ rí ní 1978, wọ́n sì tún sá ní 1991 sí 1992. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ni wọ́n dá ọ̀pọ̀ nínú wọn padà láìtún ohun tó lé wọn kúrò nílé ṣe. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé kí wọ́n kàn máa padà sílé, bi í pé kí ló ti yí padà nínú òfin 1982.

Àwọn kan á ní Bangladesh, India, Malaysia àti Thailand kò fọwọ́ sí àdéhùn ogúnléndé ti 1951, pé oore ni wọ́n ń ṣe, kì í ṣe ojúṣe wọn. Má gbà bẹ́ẹ̀. Pé a kì í dá ẹni tó sá àsálà padà sọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ pa á ti di òfin tó de gbogbo ayé. Ó tún wà nínú àdéhùn tó lòdì sí ìdálóró, tí Bangladesh ti wọ̀ láti 1998. Tiwa nílẹ̀ Áfíríkà tún ṣe kedere jù: àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Addis Ababa ní 1969 kọ̀ kí wọ́n lé ogúnléndé padà ní ẹnubodè, ó ní gbígba ogúnléndé kì í ṣe ìwà ọ̀tá sí orílẹ̀-èdè kankan, ó sì ní bí ẹrù náà bá wọ orílẹ̀-èdè kan lọ́rùn, kí àwọn yòókù bá a gbé e. Àwọn ará Borno tó sá fún Boko Haram rí ibi forí pamọ́ sí ní Niger, Chad àti Cameroon.

Ìwọ tó o kéwú náà mọ ìtàn Ọba Najáṣì ti Habasha (Ethiopia). Àwọn Kùráíṣì, ẹ̀yà alágbára ní Mẹ́kà, kó ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí i pé kó dá àwọn Mùsùlùmí tó sá wá bá a padà. Ó ní kí Jáfárù ọmọ Abu Talib wí tẹnu rẹ̀, ó gbọ́ tán, ó dá ẹ̀bùn àwọn oníṣẹ́ padà. Kristẹni ni ọba náà nígbà yẹn. Ó dùn mí pé ní oṣù karùn-ún ọdún 2015, àwọn ológun ojú omi Thailand, Malaysia àti Indonesia ń ti ọkọ̀ tó kún fún Rohingya padà sójú òkun. Mùsùlùmí ló sì pọ̀ jù ní Malaysia àti Indonesia o! Àwọn apẹja Aceh, ní Indonesia, ló fa èèyàn gòkè kí àwọn ìjọba tó gbà láti ṣílẹ̀kùn fún ìgbà díẹ̀.

Wàyí o, iṣẹ́ rẹ. Ìwọ̀n tí gbogbo ayé ń lò ni lítà omi 15 fún ẹnì kan lóòjọ́, ṣáláńgá kan fún èèyàn 20, kí ṣáláńgá sì jìnnà sí ibi omi tó 30 mítà. Ní 2017, ìkánjú kò jẹ́ kí wọ́n tẹ̀lé e. Orí òkè àti ẹ̀bá òkè ni wọ́n kọ́lé sí, wọ́n gbẹ́ ṣáláńgá sí tòsí kànga ẹ̀rọ tí kò jìn, ìgbẹ́ sì ń wọ inú omi. Má fi mímọ́ omi lójú tan ara rẹ. Wọn kílórìn, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn inú omi, níbi ẹ̀rọ: kó wà láàárín 0.2 sí 0.5 mílígíráàmù nínú lítà kan. Lẹ́yìn náà, wọ inú ilé, kí o wọn ti inú kèrègbè. Ibẹ̀ ni omi ti sábà máa ń bàjẹ́, torí ife tí wọ́n ń tì bọ inú kèrègbè ni ọwọ́ gbogbo ilé ń kàn. Kèrègbè ẹlẹ́nu tóóró tó ní ìdérí lè ṣe ju ìwàásù lọ.

Bí o bá kọ́ ṣáláńgá fún obìnrin tí kò ní ohun tí wọ́n lè fi tì í láti inú àti iná lóru, wọn ò ní lò ó. Wọ́n á fi omi àti oúnjẹ du ara wọn lọ́sàn-án kí wọ́n má baà jáde lálẹ́, àìsàn á sì tẹ̀ lé e. Àwọn obìnrin fúnra wọn ni kí o bi léèrè ibi tí wọ́n fẹ́ kó wà, kì í ṣe baálé ilé wọn.

Ọparun àti tapólì ni ilé wọn, torí ìjọba Bangladesh kò fẹ́ kí wọ́n fi ohun tó le kọ́lé, kó má baà dà bíi pé wọ́n ti dúró pẹ́. Èyí ló mú kí iná máa jó ibẹ̀ bí igbó ẹ̀ẹ̀rùn. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 2021, iná sọ nǹkan bí 45,000 èèyàn di aláìnílé, wáyà ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n fi yí àgọ́ ká sì dí àwọn tó ń sá lọ́nà. Kí o máa wo ọ̀nà àbájáde ní gbogbo ibi tí o bá ti ń ṣiṣẹ́.

Bí wọ́n bá rán ọ lọ kọ orúkọ èèyàn, ṣọ́ra gan-an. Ní 2021, ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn Human Rights Watch fi hàn pé àkọsílẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ogúnléndé nítorí ìrànlọ́wọ́ dé ọwọ́ ìjọba Myanmar, láìjẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ ohun tí wọ́n fọwọ́ sí. Ìbéèrè méjì ni, má pa wọ́n pọ̀: ṣé o fẹ́ gba ìrànlọ́wọ́, àti ṣé o gbà kí a fi orúkọ rẹ ránṣẹ́ sí Myanmar. Fi èdè tiwọn bi wọ́n, kí ẹni tó ní rárá sí èkejì sì gba ìrẹsì rẹ̀ bíi ti àwọn yòókù.

Má ṣe bú àwọn ará Ukhia àti Teknaf, àwọn onílẹ̀ ibi tí àgọ́ náà wà. Wọ́n gba àwọn Rohingya nígbà tí ayé ń wòran, Rohingya sì ti pọ̀ jù wọ́n lọ ní ìlú wọn. Igbó wọn di àgọ́, ọ̀nà erin náà dí, owó iṣẹ́ lébìrà sì já wálẹ̀. Gáàsì ìdáná tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pín ní 2018 dín gígé igi kù púpọ̀. Irú ìrànlọ́wọ́ tó kan tonílé tàlejò bẹ́ẹ̀ ni kí o máa bá wọn béèrè fún. Àwọn orílẹ̀-èdè olówó ni ẹ̀bi pọ̀ sí lọ́wọ́. Ní 2023, owó oúnjẹ ẹnì kan lóṣù já láti dọ́là 12 sí 8 nítorí pé àwọn olùrànlọ́wọ́ ò mówó wá. Bí oúnjẹ bá dín báyìí, àwọn òbí a máa fi ọmọbìnrin fọ́kọ ní kékeré, àwọn ọ̀dọ́ a sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Malaysia. Bí o bá rí i, kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ pẹ̀lú ọjọ́ àti iye, má fi mọ sẹ́nu.

Gba abẹ́rẹ́ àjẹsára diphtheria, àrùn ọ̀nà ọ̀fun tó ń ranni, kí o tó wọ bàálù. Àrùn náà jà nínú àgọ́ yẹn ní ìparí 2017. Oṣù kẹfà ni òjò ńlá wọn ń bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ òkè a sì máa ya. Ra bàtà òjò tó dáa nílé kí o tó lọ.

Ọlọ́hun á ṣọ́ ọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ