Ẹ má fi oko kòkó dógò nítorí ilẹ̀kùn tó ti tì

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, èmi sì ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan níbí ní Ìkéré-Èkìtì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, torí ọ̀rọ̀ yìí ti ń sọ ọ̀pọ̀ ìdílé di onígbèsè.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ṣì ń wá yáwó láti fi ra ìwé iṣẹ́ kéà, ìyẹn iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó àti aláìlera, lọ sí ìlú Ọba. Láìpẹ́ yìí ni bàbá kan gbé ìwé oko kòkó wọn tó wà lọ́nà Ìgbàrà-Odò wá bá mi, wọ́n fẹ́ fi í dógò. Ẹ́jẹ́ǹtì kan ní Adó ló ti sọ fún wọn pé bí owó bá ti lè pé, ìwé ọmọbìnrin wọn á jáde kí Kérésìmesì tó dé. Mo ní, "Bàbá, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn yẹn." Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní ṣé mi ò fẹ́ kí ọmọ tàwọn náà lọ ni.

Mo fẹ́. Mi ò bá ọ̀dọ́ kankan jà pé ó fẹ́ jápa. ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fi ṣòfin ní 2024. Lọ́hùn-ún, £12.21 ni wọ́n fi ṣòfin fún wákàtí kan ní oṣù Kẹrin 2025. Ọmọ tó bá ṣírò rẹ̀ á rí i pé iṣẹ́ wákàtí mẹ́rin ti ju owó oṣù kan níbí lọ, kò sì sí ìwàásù tó máa dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dúró. Ohun tí mo ń bá jà ni owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa lórí ohun tí kò sí mọ́.

Oṣù Kejì 2022 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí ọ̀nà fún àwọn ará òkè òkun láti wá tọ́jú arúgbó àti aláìlera níbẹ̀. Tíṣà lọ, òṣìṣẹ́ báǹkì lọ. Nígbà tó di 11 oṣù Kẹta 2024, wọ́n ní ẹni tó bá ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání. Ní 22 oṣù Keje 2025, wọ́n tì í pa fún gbogbo ẹni tó bá ń kọ̀wé láti ẹ̀yìn odi. Àwọn tó ti wà níbẹ̀ ni wọ́n ṣì fún láàyè díẹ̀ láti yí ìwé wọn padà. Ti nọ́ọ̀sì yàtọ̀ o: ẹni tó bá ní ìwé ẹ̀rí, tó sì yege ìdánwò wọn, ṣì lè lọ.

Ìwé tí ẹ́jẹ́ǹtì ń tà yẹn gan-an, tí wọ́n ń pè ní CoS (Certificate of Sponsorship, ìyẹn ẹ̀rí pé ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀ fẹ́ gba èèyàn síṣẹ́), kì í ṣe ọjà. Nọ́ńbà kan ni, inú kọ̀ǹpútà ìjọba wọn ló ti ń jáde, ilé iṣẹ́ tó ń wá òṣìṣẹ́ ló sì ń san owó rẹ̀. Láti ìparí 2024, òfin wọn kò gbà kí ilé iṣẹ́ gba owó náà padà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Owó físà, àyẹ̀wò ikọ́ ife, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, owó bàálù, ìwọ̀nyí ló kan ẹni tó ń lọ. Kí wá ni mílíọ̀nù tí ẹ́jẹ́ǹtì ń gbà?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ ní 2023. Wọ́n ta ilẹ̀ kí owó ẹ́jẹ́ǹtì tó pé. Ìpè àkọ́kọ́ tó pè mí, ó ní, "Àǹtí, mo ti dé o, ṣùgbọ́n kò síṣẹ́." Wákàtí mọ́kàndínlógójì lọ́sẹ̀ ló wà nínú ìwé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa fi fún un níṣẹ́, ilé arúgbó méjì lójúmọ́ ni. Á jí kí ilẹ̀ tó mọ́, á wọ bọ́ọ̀sì, á wẹ bàbá kan, á wọṣọ fún un, á po tíì, á kọ gbogbo rẹ̀ sínú fóònù, á sì fẹsẹ̀ rìn nínú òjò lọ sí ilé kejì. Ìṣẹ́jú tó lò nínú ilé nìkan ni wọ́n ń sanwó rẹ̀; ti ọ̀nà, òun ló ni ín. Yàrá kan ni òun àti àwọn obìnrin mìíràn jọ ń sùn. Lẹ́yìn náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ìwé àṣẹ tí ilé iṣẹ́ tó mú un lọ fi ń gba òṣìṣẹ́ láti òkè òkun, lẹ́tà sì dé pé ó ní ọgọ́ta ọjọ́ láti wá agbanisíṣẹ́ mìíràn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó máa bọ̀ nílé. Ìyá rẹ̀ kò lè jẹun lásìkò yẹn. Ọlọ́run ṣàánú, ilé ìtọ́jú arúgbó kan gbà á. Ó ń ṣe dáadáa báyìí, òun ló ń fi owó oògùn ìyá rẹ̀ ránṣẹ́. Àmọ́ ilẹ̀ ti lọ.

Ìjọba wọn gbé orúkọ gbogbo ilé iṣẹ́ tó ní àṣẹ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, ọmọ tó bá ní fóònù lè yẹ̀ ẹ́ wò. Kí orúkọ wà níbẹ̀ nìkan kò tó, torí ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ gba ọmọ wa wà níbẹ̀. Ẹ béèrè irú iṣẹ́ tó jẹ́, kí ẹ sì mọ̀ bóyá òfin ṣì gbà á.

Ẹ̀yin òbí, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí ìdúpẹ́ ọmọ aládùúgbò ní ṣọ́ọ̀ṣì lé yín dé ọ̀dọ̀ ẹ́jẹ́ǹtì. Ẹni tí wọ́n bá sì ti gba owó rẹ̀, kó tọ́jú rìsíìtì àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ lórí WhatsApp, kó sì fẹjọ́ sun ọlọ́pàá tàbí NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti òwò èèyàn. Ìtìjú kò ní dá owó padà.

Olóòtú, ẹ bá wa fi lẹ́tà gàdàgbà tẹ 22 oṣù Keje 2025 yẹn sójú ewé àkọ́kọ́. Ní tiwa, ẹgbẹ́ wa ti fẹnu kò: ẹni tó bá fẹ́ yáwó ìrìn-àjò, kó mú orúkọ ilé iṣẹ́ àti irú iṣẹ́ náà wá, a ó jọ yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó fọwọ́ sí i. Mo bẹ àwọn akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yòókù ní Èkìtì kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù,
Ìkéré-Èkìtì.